Ẹni Tó Ní Kí A Tú Wéèlì

Obìnrin kan wà tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ìjàpá, ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo. Mọ́kànlá ni wọ́n, orí òkè ni ìlú wọn wà. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, wọ́n á tò bí èèrà, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, àwọn ọmọdé á máa hó tẹ̀lé wọn. Lọ́dún kan, bíréèkì ọkọ̀ akápò ẹgbẹ́ kò mú. Oko ẹ̀gẹ́ olóko ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n wá pinnu láti pawọ́ pọ̀ ra ṣúù bíréèkì tuntun, irin inú wéèlì tó ń dá ọkọ̀ dúró, nítorí odindi páálí ni oníṣòwò ń tà, tó bá sì ti tà á, kì í gbà á padà. Obìnrin yìí ni wọ́n fi ṣe alákòóso.

Ó ní, "Kí olúkúlùkù tú wéèlì rẹ̀ kí n wọn inú rẹ̀."

Inú bí wọn. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn jù nínú ẹgbẹ́ náà ni pé ọkọ̀ àwọn ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, pé nọ́ọ̀tì kan kò yí padà. Alága, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde.

"Ìyá Fadérera, ọdún kan náà ló wà nínú ìwé gbogbo ọkọ̀ wa. Ṣé dandan ni kí á bọ́ ṣòkòtò àgbà kí á tó mọ̀ pé ọkùnrin ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún akápò, ẹni inú oko ẹ̀gẹ́.

Ó dùn ún wọ egungun. Àmọ́ ó mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, torí ó wà nínú wéèlì tirẹ̀ náà. Ní ìpàdé kejì, kò jiyàn. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú wéèlì níṣojú gbogbo wọn. Ó fa ṣúù yọ. Ti ọkọ̀ mìíràn ni, tí wọ́n fi ayùn rẹ́ létí kó lè wọlé.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi parọ́ fún yín. Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rín in lóòótọ́. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé alága jókòó sórí táyà. Ó nu ojú, ó ní, "Ìyá Fadérera, tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti apá òsì, mi ò mọ bàbá tó bí i."

Ta ni yóò tún fi nǹkan pa mọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Kí oòrùn tó wọ̀, wéèlì kún ilẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ni ṣúù rẹ̀ bá ìwé mu. Obìnrin náà wọn gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, akápò sì mú ìwé náà tọ oníṣòwò lọ, ó ra ṣúù tó bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu.

Ọjọ́ ọdún pé. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ewúrẹ́ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì dábùú ọ̀nà kọjá bí ìyàwó tuntun. Alága tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá dúró wámú, ọ̀kan kò kan èkejì. Ewúrẹ́ náà kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ariwo ayọ̀ sọ! Fèrè ọkọ̀ ń dún, àgbàlagbà ń jó lójú títì, obìnrin náà ló ń dárin.

Létí odò, alága dìde, ó dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ akápò. Ó tán síbẹ̀.

Ìwọ tí a fi ṣe olórí, ì báà ṣe ní ìjọ, ì báà ṣe ní ẹgbẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹni tó ní kí o tú ohun tí o bò kò fẹ́ dójú tì ọ́. Ó fẹ́ kí o lè dúró lọ́jọ́ tí ìdúró bá di dandan ni. O ti dúró. O ti jó délé. Ta lo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Dá mi lóhùn.