Òkété Gbálẹ̀ Ọgbà Ìgbín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Àlọ́ mi já, ó já lu Òkété onímọ̀ràn èrú.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Oṣù mẹ́ta gbáko, òjò ò rọ̀. Òkété ti gé gbogbo igi oko rẹ̀, ó gbin àgbàdo nìkan, ó gbá ewé ibẹ̀ tónítóní bí àgbàlá ọba. Oòrùn pa ilẹ̀ náà, ó le bí òkúta. Àgbàdo gbẹ.

Àmọ́ ọgbà Ìgbín tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bo kókò, iṣu gun igi, ẹ̀gúsí nà bo ilẹ̀, ewé gbígbẹ sì nípọn bíi tìmùtìmù. Itọ́ ń dà lẹ́nu Òkété.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú iṣẹ́ o. Oògùn wo lẹ lò?"

"Oògùn kẹ̀? Igbó ni mo wò. Ta ní ń gbá ilẹ̀ igbó? Ta ní ń bomi rin ín? Ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ló gbìn ín. Igi gíga àti kúkúrú jọ ń gbé, ewé tó já di oúnjẹ ilẹ̀. Èmi kàn ń ṣe bó ti ṣe ni."

Òkété rẹ́rìn-ín sínú. "Ọ̀rọ̀ yín dùn, Ìyá, àmọ́ ìdọ̀tí yìí pọ̀. Àlejò á fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ n bá yín gbálẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀, ewé yẹn náà ni n ó kó lọ."

"Agbọ̀n kan péré o. Iṣu tó wà lábẹ́ ewé náà làwọn ọmọ mi máa jẹ títí òjò á fi dé."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Kò gbọ́. Bí Ìgbín ti kẹ̀yìn, Òkété hú iṣu mẹ́wàá sísàlẹ̀ agbọ̀n, ó da ewé bò ó, ó gbé e rù. Ọkàn rẹ̀ ti ń gún iyán. Kò mọ̀ pé ìjàlọ wà nínú ewé.

Ó dé àárín ìlú, ìjàlọ bù ú jẹ létí. Ó fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì.

"Òkété, ijó kí lò ń jó?" Ọ̀bọ ló bèèrè.

"Ayọ̀ ló kún ọkàn mi, ẹ̀gbọ́n."

"Nínú ọ̀dá yìí?"

Ni ìjàlọ bá wọ ihò imú rẹ̀. Ó ju agbọ̀n sílẹ̀, iṣu yí gbirigbiri níwájú gbogbo ìlú. Ọgbà Ìgbín nìkan ló níṣu nínú ọ̀dá náà, wọ́n kó iṣu padà fún un, wọ́n sì ní kí Òkété fi ẹnu kó ewé náà padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ìtìjú ò jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má tú ilẹ̀ síhòòhò, ẹ má sì gbin ohun kan ṣoṣo. Bí Ọlọ́run ti gbin igbó ni kí ẹ gbin ọgbà. Ẹni tébi ń pa, kó tọrọ. Ká ní Òkété tọrọ ni, Ìgbín ì bá fún un.