Òpó Àárín Ilé Baba Àwẹ̀ró

Igi tó jìyà ọ̀dá ló ń gbé òrùlé ró. A máa ń pa òwe yìí dáadáa. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Ní Òkè-Ayìn tiwa lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń pẹ́ títí ewé á fi gbẹ sórí igi, àna tuntun gbọ́dọ̀ kó ọ̀rẹ́ jọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún baba ìyàwó. Ọ̀nàwùmí, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró. Baba Àwẹ̀ró ní kó wá fi igi ayìn ṣe òpó àárín ilé òun. Bí òpó bá yẹ̀, ìyàwó di àmọ́dún.

Ayìn méjì ló wà nítòsí. Ti etí odò sanra, ó ń dán, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ rí. Ti orí àpáta ẹ̀yìnkùlé rù, ó sì wọ́ díẹ̀. Ọdún tí òjò bá kọ̀, agbára káká ló fi ń dàgbà. Ọ̀nàwùmí fẹ́ ṣe fọ́ńté lójú àna. Ti etí odò ló gé.

Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bí igi yìí ṣe yọ ikùn!"

"Máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé baba rẹ ló máa gbé."

Wọn ò tíì to igi òrùlé tán tí òpó fi ké gbàà, ó là láti orí dé ìdí. Òjò sì ti ṣú. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó sáré fi èjìká gbé òrùlé, wọ́n ń gbà á fún ara wọn.

"Ọkọ ìyàwó, yára o! Ọrùn la fi wá ṣe ọ̀wẹ̀ ni?"

Ọ̀nàwùmí gbé àáké, ó gun àpáta. Igi yẹn le bí irin. Nígbà tó wó tán, ó wo ojú ibi tó gé: òrùka tí ọdún ọ̀dá ṣe sínú igi náà sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí bí òwú aṣọ òkè; ti etí odò fẹ̀ gbàgà-gbàgà. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú òjò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Òrùlé jókòó lé e, kò mì.

"Àna mi, kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ mú eléyìí wá?"

"Ojú ló tì mí, Bàbá. Mo rò pé ìyà ti jẹ ẹ́ jù."

Bàbá gbá òpó náà pẹ́pẹ́. "Ìyà tó jẹ ẹ́ náà ló gbé wa dúró yìí. Àwẹ̀ró, bu omi gbígbóná fún ọkọ rẹ kó fi wẹ̀."

Nítorí náà, bí ẹbí bá ń fojú kéré ẹni tí ọdún burúkú mú kó lọ́ra, tí ara rẹ̀ kò tíì dán, àgbà á ní kí wọ́n rọra: igi tó jìyà ọ̀dá ló ń gbé òrùlé ró.