Àlejò Tó Jó Lórí Omi Wa

Ìyá tó bí ìyá mi wà láyé nígbà náà, ọmọdébìnrin ni. Ẹfúnbọ́lá, ìyàwó ilé wọn, wà láyé. Ọlọ́kè, ọba tó wà lórí oyè kí ìlú wa tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, òun náà wà láyé.

A máa ń sọ pé, "Àlejò lójú, kò fi ríran." Ẹ gbọ́ ná, ojú tí kò fọ́, tí kò dun olúwa rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní ríran? Òkè Ìrárọ̀ tiwa yìí ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àní orí òkè tí àwọn èèyàn ń wá ya fọ́tò lónìí!

Ìgbà ogun ni. A kì í lé àlejò. Ẹni tó bá gun òkè wa nígbà àkọ́kọ́, ìyàwó ilé kan gbọ́dọ̀ mú un yí ká, kó fi gbogbo ibi àrà hàn án. Ohun ìtìjú ni kéèyàn fi ọ̀kan pamọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàgbé gòkè dé, ó ní oníyọ̀ lòun. Ẹfúnbọ́lá wo èjìká rẹ̀, ó rí àpá okùn apó ọfà. Ó sáré tọ ọba lọ.

"Kábíyèsí, amí ni! Kò bèèrè ọjà, ibi tí a ti ń pọn omi ló ń bèèrè."

Ìsun omi wa wà lábẹ́ àpáta pẹlẹbẹ kan níwájú ààfin. Bí ogun bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á rán ẹni wá da májèlé sí i, ó parí.

Ọlọ́kè mí kanlẹ̀. "Àṣà ni àṣà. Mú un yí ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí gbogbo wa wà lọ́wọ́ rẹ o."

Háà, Ẹfúnbọ́lá mú un rìn! Ó fi ihò àdán hàn án, ó fi ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta hàn án, ó fi òkúta ńlá tó dá dúró lórí èkejì bí ẹyin hàn án. Bí wọ́n ti ń lọ ni àwọn obìnrin ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ìkòkò lórí, ewé lẹ́nu ìkòkò, wọ́n ń mí helehele. Ẹ̀kán omi kan kò sí nínú wọn! Ẹfúnbọ́lá ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí àlejò lè rò pé odò ìsàlẹ̀ la ti ń pọn omi.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ bù fún mi mu," ni Àjàgbé wí.

"Ẹ wá wo oníyọ̀!" ni Ẹfúnbọ́lá figbe ta. "Ó lá ọjà rẹ̀ tán, òùngbẹ wá ń gbẹ ẹ́! A kì í fẹnu kan omi tí kò tíì délé níbí o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Orí àpáta pẹlẹbẹ yẹn gan-an ló jókòó sí! Omi ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Ni Ẹfúnbọ́lá bá dárin kí ó má baà gbọ́ ọ, àwọn obìnrin gbè é, ìyá ìyá mi ń pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Oníyọ̀, dìde jó! Àbí ẹsẹ̀ rẹ kú ni?"

Àjàgbé dìde, ó jó lórí omi wa títí òógùn fi bò ó.

Ó padà lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé odò ìsàlẹ̀ la ń mu. Ogun dé, wọ́n sé odò, wọ́n jókòó tì wá kí òùngbẹ pa wá. A ò kú! Ní òwúrọ̀ kan, àwọn obìnrin fọ gbogbo aṣọ ìlú, wọ́n sá a sí etí òkè, omi ń ro tótó. Ẹfúnbọ́lá gbé ìkòkò tó kún.

"Oníyọ̀! Omi tí o bèèrè rèé!"

Ó dà á sísàlẹ̀, gbàà! Ọkàn àwọn jagunjagun dàrú. Ta ló máa dúró de òùngbẹ ẹni tó ń fi omi ṣòfò? Wọ́n ṣí lọ.

Ọ̀gá Àjàgbé ní kí wọ́n pa á. Ó sá gòkè wá bá wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Ṣùgbọ́n níbo lomi wà?"

Ẹfúnbọ́lá fẹsẹ̀ kan àpáta. Àjàgbé káwọ́ lérí. "Yéè! Mo mà jó lórí rẹ̀!"

Ọlọ́kè rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran."

Wọ́n fún un nílẹ̀, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó darúgbó sọ́dọ̀ wa. A kì í sì fi omi abẹ́ àpáta yẹn wẹ òkú àlejò, ọmọ òkè nìkan là ń fi wẹ̀. Lọ́jọ́ tí Àjàgbé kú, àwọn àgbà kan ń kùn nítorí omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́. Ẹfúnbọ́lá ti ń tẹ̀pá nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pọn omi abẹ́ àpáta náà, òun náà ló dúró tì wọ́n títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán. Àlejò lójú, kò fi ríran, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é lálejò mọ́.