Bàtà Bàbá Ọ̀yà

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi bọ́ sílẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ gbígbóná, ó ń tiro lọ bá Òkété lẹ́nu ihò.

Ìbídùn, sún mọ́ mi. Mo rí bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ tí o tì sábẹ́ ibùsùn. Mi ò bá ọ jà. Ṣáà gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, oòrùn mú ní ilẹ̀ àwọn ẹranko débi pé ilẹ̀ ń bó wọn lẹ́sẹ̀. Kànga gbẹ. Odò kan ṣoṣo ló kù, ó sì jìnnà. Ẹni tí kò bá wọ bàtà kò lè débẹ̀.

Òòrẹ̀ ló ń tún bàtà ṣe fún gbogbo wọn. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi ń lu awọ. Bàtà ìyá, bàtà bàbá, bàtà ẹni tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ìbéèrè kan ni Òòrẹ̀ máa ń bi wọ́n: "Ta ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?" Wọ́n á dárúkọ onítọ̀hún. Òòrẹ̀ á tú òwú àtijọ́, á rì í mọ́lẹ̀, á ní, "Ìrìn rẹ parí síbí." Ìgbà náà ni yóò tó fi òwú tuntun rán an. Bàtà kì í gbàgbé ọ̀nà, ẹ̀yin ọmọ mi.

Òkété wo iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n burúkú kan sọ sí i nínú. Ó ń lọ láti ilé dé ilé.

"Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ tiẹ̀ ń fetí sí orúkọ ohun tí ẹ ń wọ̀? Àlòkù. Ẹ rọra pè é. Kí ló wà ní ìdí rẹ̀? Òkú."

Ẹtu, ìyá ọlọ́mọ kan, ní, "Àlòkù kọ́ ni òkú, Òkété. Ohùn wọn ò dọ́gba."

"Ẹ kú ìwé kíkà, ìyá ọlọ́mọ. Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ tó bá fa ọmọ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó wá mọ èyí tó dọ́gba."

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ba Ẹtu lẹ́rù. Ó bọ́ bàtà ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn kó tiwọn dà sẹ́nu ihò Òkété, kó bá wọn sin ín. Àwọn ọmọ Ọ̀yà náà gbé bàtà pupa bàbá wọn wá. Bàbá Ọ̀yà wọ odò lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, kò jáde mọ́. Bàtà nìkan ni odò dá padà, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ti ya.

Òkété kò sin nǹkan kan. Ó fi èédú kùn wọ́n, ó ní bàtà tuntun ni, òun á máa yá wọn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ sódò, ìdajì omi rẹ̀ di ti Òkété.

Ẹtu ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tí àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ ti jẹ awọ náà. Ó wọ̀ ọ́ lọ sódò bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ ń pa ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n ìdajì omi kò tó ọmọ náà. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ sunkún mọ́.

Òkété fi bàtà pupa, tó ti kùn dúdú, ṣe tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ Òòrẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òjìji wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lọ.

"Rán gìgísẹ̀ yìí fún mi."

"Ta ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Èmi ni. Àbí ẹsẹ̀ ta lo rí níbẹ̀?"

"Bọ́ ọ, kí n yẹ inú rẹ̀ wò."

"Mi ò bọ́ ọ. Rán an mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Òòrẹ̀ gbójú sókè. "Òkú là ń rán nǹkan mọ́ lára. Bó bá di dandan fún alààyè, yóò fi eyín di igi ìgbálẹ̀ mú, kí a má baà rán an pọ̀ mọ́ òkú. Gba èyí. Má lanu títí n ó fi ta kókó."

Òkété di igi ìgbálẹ̀ mú. Òòrẹ̀ rán ti òsì, ó rán ti ọ̀tún. Ó ku kókó kan, ni Ẹtu bá wọlé pẹ̀lú igbá rẹ̀.

"Òkété, mo bẹ̀ ọ́. Lónìí nìkan, jẹ́ kí igbá mi kún délé. Ọmọ mi ò lajú mọ́."

"Ìdajì," ni Òkété wí.

Igi ìgbálẹ̀ já bọ́. Òòrẹ̀ sì ti ta kókó.

Gbogbo kòkòrò tó ń ké nínú igbó dákẹ́. Bàtà ọ̀tún gbéra fúnra rẹ̀. Ti òsì tẹ̀lé e. Òkété jókòó sílẹ̀, wọ́n wọ́ ọ dìde. Nǹkan kan ń dún lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má pariwo:

Òkété, ta ló wọ̀ mí kẹ́yìn?
Jáńjálá.
Mo fi ìrìn kan sílẹ̀ láìparí.
Jáńjálá.
Odò ni mò ń lọ.
Jáńjálá.

"Òòrẹ̀, tú u."

Òòrẹ̀ àti Ẹtu ń tẹ̀lé e. "Dárúkọ ẹni tó ni ín, n ó tú u."

Bó bá dárúkọ, gbogbo ìlú á mọ ohun tó wà nínú ihò rẹ̀. "Tèmi ni," ló wí. Omi kan orúnkún rẹ̀. "Tèmi ni." Omi kan ìbàdí. Ìgbà náà ló wolẹ̀. Ojú kan ń wò ó láti ìsàlẹ̀ omi, ó fara balẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de bàtà rẹ̀.

"Bàbá Ọ̀yà," ni Òkété wí. "Bàbá Ọ̀yà ló ni ín. Èyí tó wà nínú ihò mi náà, ti àwọn ará ìlú ni."

Òòrẹ̀ na ẹ̀gún, ó já òwú. Òkété wọ́ jáde lẹ́sẹ̀ lásán. Bàtà ò dúró. Wọ́n ń rìn lọ láìsí ẹsẹ̀ nínú wọn, títí omi fi bò wọ́n.

Ibi tí omi ti kan ìrù Òkété bó, ó funfun. Ìdajì ni. Ẹ wo òkété bí ẹ bá rí i: ìdajì ìrù dúdú, ìdajì funfun. Kò sì jẹ́ jáde lọ́sàn-án mọ́.

Ẹtu nu èédú kúrò lára bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, Òòrẹ̀ sì tú òwú àtijọ́, ó fi tuntun rán an. Ẹtu pọn omi kún igbá délé. Ọmọ náà mu ún, ó mu ún, ó wá bú sẹ́kún.

Kí lo wí, Ìbídùn? Ta ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Mákindé ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ó sì wà láàyè, ó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin. Gbé bàtà náà wá lọ́la, ká rán etí rẹ̀ tó ya.

Ìdí àlọ́ mi rèé: àlòkù kì í ṣe òkú. Ohun tó ya ṣeé rán, bí a bá fi òtítọ́ gbé e wá, Ọlọ́run á sì bá wa rìn nínú rẹ̀. Ojúkòkòrò ni kò ní òwú.

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí bàtà mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn dìde.

Ẹ wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀.