Iye Tí Olóyè Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Pe Ilé Rẹ̀
Ní Mágbòrò, níbi tí àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́ ti sọ ilé di wúrà, Olóyè Ṣówándé fẹ́ ta ilé oníyàrá méjì kan. Morónfólú aránṣọ sọ fún un pé mílíọ̀nù mẹ́rin péré ni òun rí tù jọ, Olóyè sì bú sẹ́rìn-ín: “Mílíọ̀nù méjìlá, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì! Ààfin nìyẹn.” Morónfólú dúpẹ́, ó sì gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ, ó júwe ilé kan tí ẹnikẹ́ni kò san owó orí lé lórí rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, òun àti akọ̀wé owó orí jọ dé bá Olóyè nílé náà. Akọ̀wé yọ bírò: “Bàbá, èló ni ilé yìí tó, ká lè mọ iye owó orí tí ẹ máa san lé e?” “Ilé kẹ̀? Ilé adìyẹ lásán! Òrùlé ń jò, ògiri ti sán. Ẹni tó bá rà á ní mílíọ̀nù mẹ́rin ti rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.” Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, Olóyè sì fọwọ́ sí i. Ni Morónfólú bá kúnlẹ̀: “Ẹ ṣé, Bàbá, mo gbà kí n rẹ́ ara mi jẹ. Mílíọ̀nù mẹ́rin náà rèé. Àbí kí akọ̀wé pa á rẹ́, kó kọ méjìlá?” Olóyè wo bírò, ó wo Morónfólú, ó ní: “Ọmọ mi, tètè mú owó rẹ wá, kí akọ̀wé yìí tó tún bi mí léèrè nǹkan míì.”