Ewúro Ìdí Ìkòkò Oyin

"Òjélàbí, fi àdá yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé, Màmá? Ewúro ni mo fẹ́ gé, n kò fẹ́ gé èèyàn."

"Bàbá rẹ kò gé e rí."

"Bàbá mi kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí."

"Jẹ́ ká délé ná. Bí a bá délé, mo máa sọ ọ́ fún ọ."

"Ẹ sọ ọ́ níbí."

"A kì í sọ ọ́ níbí."

"Ó dáa. Kí a tó délé, màá ti gé e tán. Ẹ ó wá máa sọ ọ́ fún igi ìdáná."

Ìkòkò mẹ́sàn-án ni ó wà lórí igi apá tí wọ́n dúró sí abẹ́ rẹ̀, oyin sì ń kùn nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Bàbá Òjélàbí ló gbé wọn kọ́ síbẹ̀ kí ó tó kú. Òun náà ló gbin ewúro yí ìdí igi náà ká, tó sì kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé wọn sí ọbẹ̀. Ewúro tí a kì í já a máa ga, àwọn wọ̀nyí sì ti ga ju orí èèyàn lọ. Èèwọ̀ mìíràn ló di ìyá rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ yìí. Àwọn ọlọ́yin abúlé Ìdí-Apá kì í dárúkọ oúnjẹ oyin lábẹ́ ìkòkò oyin. Wọ́n ní bí oyin bá gbọ́ pé èèyàn ti mọ ibi tí òun ti ń jẹun, yóò ṣí lọ.

Ohun tí Òjélàbí mọ̀ nípa ewúro kò ju pé ó korò lọ. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ó máa ń ru oyin lọ sí àwọn ọjà etí odò ńlá, òjò àkọ́rọ̀ ló sì ń bá a délé. Níbẹ̀ ló ti rí òdòdó kan tó pọ́n bí pupa ẹyin, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ilẹ̀ tútù ni ilẹ̀ òdòdó náà. Nínú ọyẹ́ gan-an, omi dídùn a máa dán ní ọ̀fun rẹ̀, oyin a sì bò ó pitimu. Òjélàbí kó irúgbìn rẹ̀ sí ìṣẹ́tí aṣọ, ó sì gbìn ín sí orí òkè Ìdí-Apá. Láàárín ọdún méjì, ó ti gba gbogbo ilẹ̀ tó yí wọn ká. Ìdí igi apá nìkan ló kù, ewúro sì ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ sọ ọ́. "Ewúro ni oyin ń jẹ nínú ọyẹ́."

Òjélàbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ewúro yìí kan náà? Tí ewúrẹ́ gan-an ń jẹ, tó ń fajú ro?"

Ní ọjọ́ kejì, ó padà lọ hú gbòǹgbò wọn.

Ìyá náà kò jà. Òjélàbí nìkan ni ọmọ tó kù fún un, òun náà nìkan sì ni Òjélàbí ní nílé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo abúlé mọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ, ìyá náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí oyin rẹ bá ṣì ń kùn, n kò ní kúrò nílé rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ni èmi náà yóò padà sílé bàbá mi."

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó àjòjì náà tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo òkè sì pọ́n. Oyin ya bò ó.

"Màmá! Ẹ gbọ́ ariwo wọn?"

"Mo gbọ́. A kì í jẹ ariwo."

"Ẹ ò kúkú ní gbà pé mo ṣe é re."

"Bi mí nínú ọyẹ́."

Ọyẹ́ dé. Ìkòkò fúyẹ́ lọ́dún náà débi pé Òjélàbí kò rí ohun tí yóò rù lọ sọ́jà. Ìyẹn ló jẹ́ kó wà nílé, kó sì rí i. Òdòdó tó bá ṣẹ́kù lórí òkè gbígbẹ yẹn kò ní nǹkan kan lọ́fun mọ́. Oyin a wọ inú rẹ̀, a sì jáde lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ké àgò sílé tí kò séèyàn. Láàárọ̀, ó ń bá òkú wọn nídìí igi apá. Ó kọ́kọ́ ń gbá wọn, nígbà tó yá kò gbá wọn mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ kíkùn lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ewúro kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí ìyá náà kò já ewé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé àwọn yòókù. Ó ti tanná, funfun báláú, oyin sì ń gun ara wọn lórí rẹ̀. Òjélàbí já òdòdó kan, ó fi í kan ahọ́n. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Màmá, ó dùn."

"Mo mọ̀."

"Ẹyọ kan kò lè bọ́ ìkòkò mẹ́sàn-án."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Òjélàbí gé ẹ̀ka lára ewúro náà, ó rì wọ́n sí ìdí igi apá, ó ń pọn omi odò gun òkè láàárọ̀ lálẹ́. Ilẹ̀ mu omi náà bí ẹni pé kò mu nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ka náà gbẹ. Ìkòkò kìíní dákẹ́, ìkejì dákẹ́. Lọ́jọ́ tí ìkẹsàn-án tú jáde, àwọn oyin náà so rọ̀ lẹ́ka igi fúngbà díẹ̀ bí ẹrù aṣọ, wọ́n sì gbéra síhà odò ńlá. Òjélàbí ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ àna. Nígbà tó padà dé, ó gbé etí lé ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ti di ẹrù nílé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Òkú ni mo ṣèlérí fún, ọmọ mi. Ta ni kí n lọ bẹ̀?"

"Òjò ń bọ̀. Màá tún un gbìn."

"Gbìn ín."

"Bó bá tanná, tí wọ́n bá padà, ṣé ẹ ó padà?"

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti hun jọ. "Ọdún mélòó lo rò pé ó kù fún mi?"

Ó gbé ẹrù rẹ̀ lérí. Lónìí, ẹni tí ìyà ń jẹ ni a fi ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́nu ọ̀nà náà ń tù nínú. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò rí ìtùnú kankan nínú rẹ̀. Láti ẹnu ìyá yìí ni àwọn àgbà ti gbà á tí wọ́n fi ń pa á lówe, bó ti ń lọ tí kò bojú wẹ̀yìn: "Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, Òjélàbí. Ìwọ ni o kò dúró dé ẹ̀yìn."