Ọba Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Bá Sọ̀rọ̀

Ọba kan wà ní ìlú kan létí odò. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ débi pé bí òjò bá pẹ́ kí ó tó rọ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí ọba bá fẹ́ pàṣẹ, àwọn ìjòyè yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀tún, tí í ṣe àgbà wọn, a sì máa wí pé, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò ná."

Ọ̀rọ̀ yìí sú ọba. Ó ní kí Ọ̀tún lọ jókòó sílé rẹ̀. Nígbà tí ó yá, kò ránṣẹ́ pe àwọn ìjòyè yòókù mọ́. Iṣẹ́ sì ń yá. Ọ̀nà oko tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí láti ayé bàbá rẹ̀, kíá ni wọ́n là á. Inú ará ìlú dùn, inú ọba náà dùn.

Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn apẹja ìlú òdìkejì odò ya àwọ̀n àwọn apẹja tirẹ̀. Inú bí ọba. Ó pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá odò mọ́, ẹni tí ó bá kọjá, wọn yóò dáná sun ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ìlú náà létí òun. Bẹ́ẹ̀, ìlú náà ni Adétutù, àkọ́bí rẹ̀, wà nílé ọkọ, pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́. Ọba kò gbàgbé rẹ̀. Ó rò pé ìbínú òun yóò ti rọlẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ìrọbí kò dúró de ìbínú. Ó mú Adétutù lówùúrọ̀, ó sì le. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ dúró létí odò lọ́hùn-ún, wọ́n ń ké pe agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí Adétutù fúnra rẹ̀. Agbẹ̀bí sáré dé etídò, ṣùgbọ́n kò sí atukọ̀ tí ó jẹ́ tú okùn ọkọ̀. Ó yà sí ààfin. Àwọn ìránṣẹ́ ń wo ojú ara wọn. Ta ni yóò dárúkọ ìlú náà? Ọba bi wọ́n láti inú ilé pé kí ni ariwo yẹn. Wọ́n ní kò sí nǹkan.

Nígbà tí Ọ̀tún gbọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ ààfin láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí ni à ń pè yín, ṣùgbọ́n bíbi ni mo wá bi yín lónìí. Ta ni ẹ fẹ́ kí ó sọ fún yín pé ọmọ yín ń kú lọ lódìkejì odò?"

Ọba kò dúró wọ bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tú okùn, òun ni ó tukọ̀ gbé agbẹ̀bí kọjá. Adétutù yè. Ọmọ tuntun náà kò ké, kò sì mí.

Ọba jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adétutù, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Adétutù di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ó ní, "Bàbá mi, mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó wá. Ṣé kò wá sí ẹni tí ó lè bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ ni?" Ọba sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ó padà, ilé Ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ yà. Ó ní, "Ẹ padà wá. Bí mo bá tún ní kí ẹ máa lọ, ẹ má ṣe gbà fún mi." Láti ìgbà náà, àṣẹ tí ọba bá fi ìbínú pa ní ìlú yẹn, wọn kì í mú un ṣe títí àwọn ìjòyè yóò fi jókòó lé e lórí.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o kò dé adé, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò sí ẹni tí ń bi ọ́ léèrè. Ìyàwó rẹ ti dákẹ́, àwọn ọmọ rẹ ń wo ojú rẹ kí wọ́n tó lanu, ìwọ sì ń pè é ní àlàáfíà. Lọ sílé, kí o bi wọ́n pé kí ni wọn kò lè sọ fún ọ. Bí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, má bínú. Ìwọ ni o kọ́ wọn ní ìdákẹ́. Ní sùúrù fún wọn.